Aago Ewéko, Aago Bakitéríà: Ta Ló Ń Lu Aago Fún Èkejì?

Ẹ mú ewéko méjì tó rí bákan náà, tí hóró wọn ti ara ìyá kan náà wá, tí wọ́n jọ hù nínú yàrá kan, lábẹ́ iná kan náà. Ẹ fa omi tí bakitéríà wà nínú rẹ̀ sínú sírínjì, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ gbé e ti ẹ̀yìn ewé, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́ títí omi náà yóò fi tàn kálẹ̀ nínú ewé bí ìgbà tí òróró bá kán sórí bébà. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ fún àwọn méjèèjì. Wákàtí nìkan ni kó yàtọ̀: òwúrọ̀ ni kí ẹ fún ọ̀kan, òru ni kí ẹ fún èkejì. Nígbà tí ẹ bá padà wá lọ àwọn ewé náà, tí ẹ ka iye bakitéríà tó ti gbèrú nínú wọn, ẹ máa rí i pé inú èyí tó gba tirẹ̀ lóru ni wọ́n ti pọ̀ jù.

Iṣẹ́ tó jọ èyí ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, gbé jáde ní 2011. Ohun tó mú iṣẹ́ wọn wú mi lórí ni pé wọ́n dán an wò níbi tí iná ti ń tàn tọ̀sán-tòru, tí kò sí òkùnkùn kankan tó lè sọ fún ewéko pé ilẹ̀ ti ṣú. Òru tí à ń sọ yẹn, òru inú ewéko fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n sì lo ewéko tí aago inú rẹ̀ ti dàrú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òwúrọ̀ àti òru pòórá.

Ìbéèrè tó wá gbòde nísinsìnyí, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé wọn lépa, ni pé: bí ewéko bá ní aago, bakitéríà tó ń bá a gbé ńkọ́? Ṣé òun náà ní tirẹ̀, àbí ti ewéko ló ń tẹ̀ lé? Bí àwọn méjèèjì bá ní, ta ló ń lu aago fún èkejì? Ìdáhùn rẹ̀ kan ìgbà tó yẹ kí wọ́n fún irúgbìn ní oògùn, ó kan ìgbà tó yẹ kí wọ́n bu bakitéríà tó ń ran irúgbìn lọ́wọ́ sí ìdí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí ohun tó ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yàrá ìwádìí fi máa ń já wọn kulẹ̀ lóko.

Patanmọ́ inú òkùnkùn

Ọ̀rọ̀ aago ewéko ti pẹ́. Ní 1729, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé ewéko kan tó máa ń pa ewé rẹ̀ dé lálẹ́ síbi tí oòrùn kò lè dé. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé patanmọ́ ni ewéko náà. Nínú òkùnkùn yẹn, ó ṣì ń ṣí ewé lójúmọmọ, ó sì ń pa á dé lálẹ́, bí ẹni pé ó ń rí ìta. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, ní 1832, kí Augustin de Candolle, onímọ̀ nípa ewéko, tó fi kún un. Ó tan iná sórí patanmọ́ láìpa á, ó sì rí i pé ewé rẹ̀ ń yára ṣí díẹ̀ sí i lójoojúmọ́, nítorí pé ọjọ́ inú ewéko náà kò pé wákàtí 24. Nǹkan bí 22 sí 23 ni. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé oòrùn tàbí ohun mìíràn níta ni ewéko ń dọ́gbọ́n tẹ̀ lé, wákàtí 24 géérégé ni ì bá máa kà. Ó ń ṣìṣe díẹ̀díẹ̀, àṣìṣe náà sì ni ẹ̀rí pé tirẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Franz Halberg, nígbà tó wá orúkọ fún un ní 1959, fi mú ọ̀rọ̀ Látìnì méjì, circa àti dies, tó túmọ̀ sí “nǹkan bí ọjọ́ kan”. Oòrùn ló ń tún aago náà tò láràárọ̀.

Ibi tí wọ́n ti tú aago náà sí wẹ́wẹ́ jù lọ ni ara ewéko kékeré kan tó ń jẹ́ Arabidopsis, ẹbí kábéèjì, tó máa ń ti inú hóró dé orí hóró láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Jíìnì méjì (jíìnì ni àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tí ara máa ṣe), CCA1 àti LHY, ló máa ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ti gorí àga, wọ́n á tẹ ẹ̀kẹta, TOC1, mọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, agbára wọn á máa dínkù, TOC1 á gbérí nírọ̀lẹ́, òun náà á sì tẹ àwọn méjì yẹn mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Bí jangirọ́fà ni: ọ̀kan lọ sókè, èkejì wálẹ̀. Jíìnì tó wà nínú rẹ̀ ju mẹ́ta lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ̀n ilé náà nìyẹn. Wọ́n rí TOC1 nígbà tí wọ́n mú jíìnì tó ń mú ara tanátaná tàn, tí wọ́n so ó mọ́ jíìnì ewéko tó ń tẹ̀ lé aago, tí wọ́n sì ń wo bí ewéko ṣe ń tàn tó sì ń ṣókùnkùn. Èyí tí TOC1 rẹ̀ ti yí padà ń sáré. Ọjọ́ tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wákàtí 21.

Aago yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Cambridge gbin ewéko tí aago rẹ̀ ń sáré àti èyí tí tirẹ̀ ń wọ́ sínú yàrá tí ọjọ́ ibẹ̀ kúrú tàbí tó gùn ju ti ayé lọ. Èyí tí aago rẹ̀ bá ọjọ́ yàrá náà mu ló dàgbà jù, òun ló sì rí oúnjẹ ṣe jù láti inú ìmọ́lẹ̀.

Wọ́n ní bakitéríà kò lè ní aago

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò àwọn onímọ̀ ni pé bakitéríà kò nílò aago. Kí ni ohun tó máa ń pín sí méjì láàárín wákàtí díẹ̀ fẹ́ fi ọjọ́ odidi ṣe? Àwọn bakitéríà aláwọ̀ ewé tó ń gbé inú omi, tí wọ́n ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko, ló kọ́kọ́ já irọ́ yìí. Ní 1998, àwọn olùwádìí láti Japan àti Amẹ́ríkà dárúkọ jíìnì mẹ́ta tó ń gbé aago wọn ró: kaiA, kaiB, kaiC. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n da irú méjì pọ̀ sínú ìgò kan, èyí tí aago rẹ̀ yá àti èyí tí tirẹ̀ falẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ń yípo ní wákàtí 22, èyí tó yá gba ìgò. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di wákàtí 30, èyí tó falẹ̀ ló gbà á. Ìyá tó ń bímọ ń fi aago lé ọmọ lọ́wọ́ láìdá a dúró.

Iṣẹ́ tó jáde láti Nagoya, ní Japan, ní 2005 ni mo máa ń rántí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọ́n fọ purotéènì mẹ́ta tí àwọn jíìnì kai yẹn ń ṣe mọ́, wọ́n dà wọ́n sínú túùbù pẹ̀lú ATP, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára. Kò sí sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kò sí jíìnì, kò sí ohun alààyè kankan. Síbẹ̀, KaiC, ọ̀kan nínú purotéènì náà, ń yí padà, ó ń padà bọ̀ sípò, ní nǹkan bí wákàtí 24 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta.

Ṣùgbọ́n bakitéríà inú erùpẹ̀ àti ara ewé, tí kì í fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tiwọn ṣókùnkùn títí di 2021. Lọ́dún náà ni Martha Merrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì, Netherlands, Denmark àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé Bacillus subtilis ní aago. Bakitéríà yìí wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ewéko. Wọ́n so jíìnì tó ń tàn mọ́ ytvA, jíìnì tí bakitéríà náà fi ń mọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn kọ́ ọ, lẹ́yìn náà wọ́n pa iná pátápátá. Nínú òkùnkùn yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lára rẹ̀ ṣì ń ga, ó ń lọọlẹ̀, ní nǹkan bí wákàtí 24.

Kí ẹ tó máa pàtẹ́wọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ẹ̀rí yìí fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ní aago. Pseudomonas syringae, bakitéríà tí wọ́n lò ní Cape Town, ní ohun tó fi ń mọ ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń dín bó ṣe ń rìn kiri kù. Bí ẹ bá ń wò ó lóko, ẹ máa rí i pé ó ń ṣe nǹkan kan lọ́sàn-án, ó ń ṣe òmíràn lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó la ojú rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ kò jọ ẹni tó mọ̀ nínú oorun pé ó ku wákàtí kan kí ilẹ̀ mọ́. Aago gidi gbọ́dọ̀ máa lọ bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn kúrò. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé tún tò. Ooru tàbí òtútù kò sì gbọ́dọ̀ mú un sáré tàbí falẹ̀ kọjá díẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló le jù, torí pé bí ara ohun alààyè bá ti ń gbóná sí i ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú rẹ̀ ń yára sí i. Bacillus subtilis yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kò ní jíìnì kai rárá. Ohun mìíràn ni aago rẹ̀ fi ń rìn, kò sì tíì sí ẹni tó rí i.

Lẹ́nu ihò ara ewé

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ewé dáadáa. Ara rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Ihò kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ẹ̀lì méjì tó dúró bí ètè. Bí wọ́n bá mu omi yó, wọ́n á tẹ̀ kọrọdọ, ihò á là. Bí omi bá kúrò nínú wọn, wọ́n á pàdé. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé kí ewéko lè ṣe oúnjẹ, omi sì ń gba ibẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ewéko máa ń là á lọ́sàn-án, wọ́n á pa á dé lóru, aago sì ń lọ́wọ́ nínú rẹ̀: kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni àwọn ètè yẹn ti ń múra àtiṣí.

Ẹnu ọ̀nà náà ni Pseudomonas syringae ń wá. Òun náà ló ń fa àrùn tó ń fi àmì dúdú wínníwínní sára tòmátò. Ní 2006, iṣẹ́ kan tí Sheng Yang He darí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ewéko bá ti fura sí bakitéríà yìí, láàárín nǹkan bí wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ihò náà á ti pàdé. Bakitéríà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní májèlé kan tó jọ ohun tí ewéko fi ń ránṣẹ́ nínú ara rẹ̀. Á tú u jáde, nígbà tó bá sì di nǹkan bí wákàtí kẹta, ihò á tún là. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ aago kún un. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìlẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìlẹ̀kùn ti wà ní títì.

Bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn nìkan kọ́. Sírínjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gbé bakitéríà kọjá ẹnu ọ̀nà tààrà sínú ewé, síbẹ̀ wákàtí ṣì mú ìyàtọ̀ wá. Ìyẹn ni pé agbára ìjà tó wà nínú ilé pàápàá ń ga, ó ń lọọlẹ̀. Lọ́dún 2011 kan náà, àwọn ará Yunifásítì Duke, lábẹ́ Xinnian Dong, rí i pé CCA1 fúnra rẹ̀ ń jí àwọn jíìnì ìdènà àrùn sílẹ̀ ṣáájú àfẹ̀mọ́júmọ́, ìgbà tí ohun kan tó jọ olú, tó ń ba ewé jẹ́, máa ń tú èso rẹ̀ ká. Ewéko kò dúró kí ọ̀tá kan ilẹ̀kùn kó tó mú idà.

Abẹ́ ilẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé

Mo gbà pé abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù, tó sì ti le jù. Gbòǹgbò kì í rí oòrùn, bakitéríà tó yí i ká kò rí i. Síbẹ̀ ìròyìn ọ̀sán àti òru ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì dájú pé oúnjẹ wà lára ohun tó ń gbé e lọ.

Lọ́sàn-án, ewé ń ṣe ṣúgà; ó ń lo díẹ̀, ó ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí gbòǹgbò, ó ń tọ́jú èyí tó kù bíi sítáàṣì. Lóru, ó ń bù ú jẹ. Bó ṣe ń bù ú yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, Arabidopsis á ti lo nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún sítáàṣì tó tọ́jú, kò ní tán ṣáájú, kò sì ní ṣẹ́kù púpọ̀. Bí wọ́n bá ṣàdédé pa iná lé e lórí ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú ìgbà tó ń retí, á dín bó ṣe ń jẹun kù lójú ẹsẹ̀ kó lè tó o di òwúrọ̀. Aago ló ń sọ fún un bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó kó tó mọ́.

Ara ṣúgà tó dé gbòǹgbò ń yọ́ jáde sínú erùpẹ̀, òun sì ni bakitéríà àyíká ibẹ̀ ń jẹ. Bí oúnjẹ bá ń wá ní ìgbì, àwọn tó ń jẹ ẹ́ náà á máa ru ní ìgbì. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bakitéríà tó wà nínú erùpẹ̀ tó so mọ́ gbòǹgbò Arabidopsis tí aago rẹ̀ ti bàjẹ́ kò rí bíi ti èyí tí aago rẹ̀ pé. Ní 2022, ìwádìí mìíràn wo Medicago truncatula, ẹbí ẹ̀wà. Irú ewéko bẹ́ẹ̀ máa ń ní kókó lára gbòǹgbò, inú kókó náà ni bakitéríà ń gbé, tí á máa sọ naitirójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún un. Nígbà tí wọ́n ba jíìnì LHY rẹ̀ jẹ́, kókó tó yọ dínkù. Àwọn purotéènì kéékèèké tí ewéko fi ń darí àwọn àlejò inú kókó yẹn náà sì ń tẹ̀ lé aago.

Iṣẹ́ òru àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Irú ìmọ̀ báyìí kò ṣeé rí láàárín agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, orí akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ló sì máa ń já lé. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Ó fẹ́ mọ bí bakitéríà gbòǹgbò ṣe ń yí padà fún ọjọ́ méjì, ó sì ń mú àpẹẹrẹ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Láti òdo dé wákàtí 48, ìgbà 13 nìyẹn. Ó ní ewéko tí aago rẹ̀ pé, èyí tí aago rẹ̀ bàjẹ́, àti ìkòkò erùpẹ̀ lásán tí kò sí ewéko nínú rẹ̀. Bó bá mú mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, túùbù 156 ni. Ní aago méjì òru, á wọ yàrá tó ṣókùnkùn pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé bàìbàì lórí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ funfun tàbí pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lè tún aago ewéko tò kó sì ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Á fa ewéko tu, á gbọn erùpẹ̀ tó dá wó dànù, á tọ́jú èyí tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, á jù ú sínú naitirójìn olómi kó dì gbagidi kí ohunkóhun tó yí padà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún aago rẹ̀ sí mẹ́fà.

Ìkòkò erùpẹ̀ lásán yẹn ṣe pàtàkì ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí bakitéríà inú rẹ̀ bá ń yí padà tọ̀sán-tòru bíi ti àwọn tó kù, a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru ló ń darí wọn, ewéko kọ́. Ohun mìíràn tún wà: DNA bakitéríà tó ti kú máa ń pẹ́ nínú erùpẹ̀. Ẹni tó bá ka DNA nìkan, òkú àti alààyè ló ń kà pọ̀, ìgbì ojoojúmọ́ sì lè farasin sábẹ́ òkú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo RNA, tó máa ń fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ hàn.

Nínú bí iṣẹ́ yìí ṣe le tó ni ìbínú mi sí àṣà kan ti wá. Títí di òní, ẹ lè ka ìwé ìwádìí nípa àrùn ewéko láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ má rí wákàtí tí wọ́n fi bakitéríà sára ewé. Wọ́n á kọ ìwọ̀n ooru, wọ́n á kọ iye omi, wọn kò ní kọ wákàtí. Ẹni méjì lè ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan ṣe é láàárọ̀, kí èkejì ṣe é nírọ̀lẹ́, kí wọ́n wá máa jiyàn fún ọdún mẹ́wàá lórí ẹni tó ṣìṣe.

Lóko náà, ọ̀rọ̀ ti ń kan wákàtí. Iṣẹ́ kan láti Yunifásítì Bristol ní 2019 fi hàn pé agbára tí glyphosate, oògùn tó ń pa koríko, ń ní lórí Arabidopsis ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí, aago ewéko sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún oògùn, kò sí ìdí tí kò fi yẹ ká béèrè nípa bakitéríà tí wọ́n ń bù sí ìdí irúgbìn. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa sọ fún àgbẹ̀ lónìí pé kó yí àkókò rẹ̀ padà nítorí ewéko kékeré inú yàrá. Òjò, atẹ́gùn àti ooru oko kì í gba àṣẹ láàbù. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú. Ní 2016, wọ́n rí i pé aago tòmátò tí à ń gbìn ti falẹ̀ ju ti tòmátò igbó lọ, nítorí àwọn tó gbé e kúrò nítòsí ìlà agbedeméjì ayé lọ síbi tí ọjọ́ ti gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ṣà á bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Àwọn bakitéríà tó ti mọ́ ìdí tòmátò ìgbàanì lára, ṣé wọ́n bá a yí padà, àbí wọ́n ṣì ń retí oúnjẹ ní wákàtí àtijọ́?

Ìdánwò tó lè parí àríyànjiyàn náà kò le láti ṣàlàyé. Ìkòkò mẹ́rin ni. Nínú èkíní, ewéko ní aago, bakitéríà ní aago. Nínú èkejì, ti ewéko bàjẹ́, ti bakitéríà pé. Nínú ẹ̀kẹta, ti ewéko pé, ti bakitéríà bàjẹ́. Nínú ẹ̀kẹrin, kò sí ẹni tó ní. Ẹni tó bá fi wọ́n wé ara wọn á mọ ẹni tó ń lu aago fún èkejì. Ìkòkò méjì àkọ́kọ́ ti wà, torí pé wọ́n ti mọ jíìnì tí wọ́n lè bàjẹ́ lára ewéko. Méjì tó kù ṣì ṣófo. Kò tíì sí ẹni tó rí jíìnì aago Bacillus subtilis, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kò sì ṣeé bàjẹ́.